Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Eré Oníṣe: Àyẹ̀wò Èrò Àwọn Ọ̀mọ̀wé

Nínú ìjọ wa káàkiri, nígbà tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ bá ń múra láti fi ìtàn Jósẹ́fù tàbí ti Ẹ́sítérì ṣe eré, a máa ń gbọ́ àríyànjiyàn kan. Àgbà kan yóò dìde, yóò wí pé ọmọ òrìṣà ni eré oníṣe, pé inú ìbọ ni ó ti jáde wá, àti pé kò yẹ kí a mú un wọ ilé Ọlọ́run. Olùkọ́ kan yóò dá a lóhùn, pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni, inú ìbọ ni ó ti wá, ìdí egúngún sì ni àwọn baba wa ti rí tiwọn kí òyìnbó tó dé. Bí a bá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, a ó rí i pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì gbà gbọ́: pé ẹni tí ó bá ti mọ ibi tí nǹkan ti ṣẹ̀ ti mọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Èyí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ti ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àgbà àti olùkọ́ wa wọ̀nyí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun nínú Ìjọ. Ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, Tertullian, ará ìlú Kátéèjì ní àríwá Áfíríkà, kọ ìwé kan ní èdè Látìnì lòdì sí àwọn ìran tí àwọn ará Róòmù ń wò. Ó bá ìwà àìmọ́ tí a ń hù níbẹ̀ wí, ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó tọpasẹ̀ orúkọ àwọn eré náà, ó tọpasẹ̀ àwọn ilé tí a ti ń ṣe wọ́n, ó sì fi hàn pé ti Venus àti ti Bacchus ni wọ́n. (Bacchus yìí ni àwọn Gíríkì ń pè ní Dionysus, òrìṣà ọtí àjàrà.) Nítorí náà, ó ní, Kristẹni kò ní ìpín níbẹ̀. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún gba ẹ̀rí rẹ̀ wọlé. Ìdájọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n yí padà. Ohun tí òun pè ní àbùkù, wọ́n sọ ọ́ di ògo.

Aristotle ni gbogbo wọn fi ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí náà ó tọ́ kí a gbọ́ ohun tí ó sọ gan-an. Nínú ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ akéwì, tí ó kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin ṣáájú ìbí Olúwa wa, ohun méjì ni ó sọ. Èkínní ni pé àbínibí ni àfarawé jẹ́ fún ènìyàn: láti kékeré ni ọmọ ti ń sín àgbà jẹ, nípa bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́; inú gbogbo wa a sì máa dùn láti rí ohun tí a farawé dáadáa. Èkejì ni pé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń lé orin fún agbo akọrin Dionysus ni eré ìbànújẹ́ àwọn Gíríkì ti bẹ̀rẹ̀, tí eré ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń lé orin ẹ̀fẹ̀ aláìnítìjú. Pé Aeschylus ni ó sọ òṣèré kan di méjì, Sophocles sì sọ ọ́ di mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé gbá mú. Wọ́n kọjá lára èkínní bí ẹni tí ó kọjá lára igi ojú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ sì ni èkínní ni ó kan gbogbo ọmọ ènìyàn, nígbà tí èkejì kan ìlú kan. Wọn kì í sábà rántí pẹ̀lú pé ọdún 534 ni ìtàn fi sí ìgbà tí Thespis kọ́kọ́ ṣe eré ìbànújẹ́ ní Áténì, àti pé àádọ́jọ ọdún lẹ́yìn náà ni a tó bí Aristotle, ní ìlú mìíràn. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé a kò mọ bí eré ẹ̀rín ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ní ìgbà ìjímìjí kò sí ẹni tí ó kà á sí. Ọkùnrin tí ó lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ olóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a sọ ìwọ̀nba gbólóhùn rẹ̀ di òfin Mósè.

Ní ọdún 1890 ni James Frazer gbé ìwé ńlá rẹ̀ tí ó pè ní The Golden Bough jáde, níbi tí ó ti kó àṣà gbogbo ayé jọ láti fi hàn pé àwọn ará ìgbàanì ń sin òrìṣà kan tí ń kú tí ó sì ń jí pẹ̀lú irúgbìn ọdọọdún. Láti inú èyí ni Jane Harrison ti Cambridge àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Gilbert Murray ti Oxford ti fa tiwọn yọ. Nínú Themis, ìwé Harrison tí ó jáde ní 1912, Murray kọ apá kan tí ó fi wí pé òjìji ètùtù òrìṣà ọdún ni eré ìbànújẹ́ àwọn Gíríkì jẹ́, a sì lè rí egungun ètùtù náà lábẹ́ ẹran ara eré: ìjà láàárín òrìṣà àti ọ̀tá rẹ̀, ikú rẹ̀, òjíṣẹ́ tí ó mú ìròyìn ikú náà wá, ẹkún àwọn ènìyàn, lẹ́yìn náà ìdámọ̀, àti ìfarahàn rẹ̀ nínú ògo.

Àbá yìí dùn létí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tàn ká ilé ẹ̀kọ́ gíga ju èyíkéyìí nínú ìyókù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Ẹ ṣí Ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí kejìdínlógún. Ìjà wà nínú igbó Éfúráímù. Ábúsálómù kú níbi tí ó ti so rọ̀ lórí igi. Òjíṣẹ́ dé, àní méjì ni wọ́n, Áhímáásì àti ará Kúṣì. Dáfídì ọba sì gòkè lọ sí ìyẹ̀wù tí ó wà lórí ẹnu ibodè, ó ń sọkún. Mẹ́rin nínú àwọn apá tí Murray kà ti pé síbẹ̀, ní títò gan-an bí ó ti tò wọ́n. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé inú ètùtù òrìṣà ọdún ni akọ̀wé Sámúẹ́lì ti rí i. Ibi tí ènìyàn bá ti jà tí ènìyàn sì kú, ẹnìkan ní láti sáré mú ìròyìn wá, ẹni tí ó bí òkú sì ní láti sọkún. Ẹ̀wù tí ó bá gbogbo ara mu kì í ṣe ẹ̀rí pé télọ̀ kan ṣoṣo ni ó rán gbogbo aṣọ ayé.

Ọ̀ràn mìíràn tún wà. Eré ìbànújẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n (32) ni ó kù sí wa lọ́wọ́ lábẹ́ orúkọ Aeschylus, Sophocles àti Euripides. Nínú gbogbo wọn, ẹyọ kan péré ni Dionysus fúnra rẹ̀ ti jáde sí gbangba, èyíinì ni Bacchae, tí a ṣe ní nǹkan bí 405, lẹ́yìn ikú Euripides tí ó kọ ọ́. Òun náà sì ni ó bá àpẹẹrẹ Murray mu jùlọ. Ẹ wá wo èyí tí ó pẹ́ jùlọ nínú àwọn tí ó kù ní odindi, Persians ti Aeschylus, ọdún 472. Ìròyìn ogun Sálámísì ni, tí a jà ní 480. Ogun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹwòran mọ̀ bí ẹni mọ owó ni. Ọmọ tí kò jọ baba rẹ̀ ní kékeré, tí ó wá jọ ọ́ nígbà tí ó di arúgbó, àwọn ìbátan ní láti wádìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Arthur Pickard-Cambridge ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní 1927; ó yẹ ẹ̀rí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi hàn pé ẹ̀rí kò sí fún irú ètùtù tí Murray sọ. Àwọn Gíríkì fúnra wọn tilẹ̀ ní òwe kan tí wọ́n ń pa nípa eré wọn, pé kò bá Dionysus tan.

William Ridgeway, ará Cambridge bákan náà, ti gba ọ̀nà mìíràn ṣáájú, ní 1910. Ó ní ibojì àwọn akọni ni eré ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ojúbọ Dionysus. Ẹ̀rí tirẹ̀ lágbára jù, nítorí Herodotus òpìtàn sọ ọ́ pé ní ìlú Síkíónì, àwọn ènìyàn a máa fi agbo akọrin ṣe ìrántí ìyà tí ó jẹ Adrastus, akọni wọn tí ó ti kú, títí Cleisthenes tí ó jọba lé wọn lórí fi gba agbo náà lọ́wọ́ òkú tí ó sì fi fún Dionysus. Ọmọ Yorùbá tí ó bá mọ ìdí egúngún yóò fẹ́ràn àbá yìí lójú ẹsẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ ju ti Murray lọ. Ṣùgbọ́n kò tíì kó wa dé ilé.

Nítorí ẹ kíyè sí i. Ẹni tí ń sunkún òkú tàbí tí ń ki òkú ní oríkì a máa wí pé, "Báyìí ni ó ṣe, báyìí ni ó ṣe." Eégún tí ó jáde nínú ìgbàlẹ̀ ní ọjọ́ ètùtù kì í wí pé "ó", "èmi" ni ó ń wí, àwọn tí wọ́n kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ sì gbà pé ará ọ̀run ni ó ń sọ̀rọ̀. Òṣèré náà ń wí pé "èmi", ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú agbo tí ó gbà á gbọ́, òun pàápàá kò sì fẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀nyí. Ridgeway ṣàlàyé èkínní. Murray ń lépa èkejì. Ẹ̀kẹta ni eré oníṣe, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún wa nínú àwọn méjèèjì bí a ti ṣe dé ibẹ̀. Wọ́n fi ọ̀nà hàn wá títí dé etí odò, lẹ́yìn náà a bá wọn ní òdìkejì, a kò sì rí afárá.

Àwọn mìíràn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Íjíbítì, sí òkúta ìrántí ìjòyè kan tí ń jẹ́ Ikhernofret, tí ó ti tó 3,800 ọdún, tí ó sì wà ní ìlú Berlin ní Jámánì. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ṣe ètò ìjáde Osiris ní Ábídósì, òun sì lé àwọn ọ̀tá sẹ́yìn kúrò níwájú ọkọ̀ òrìṣà náà. Àwọn kan pe èyí ní eré oníṣe tí ó pẹ́ jùlọ láyé. Ìsìn ni ìjòyè náà ń ròyìn, olùsìn sì ni àwọn tí wọ́n wò ó. N kò rí ìdí tí a ó fi sọ fún un pé eré ni ó ń ṣe.

Ìtàn kékeré kan wà nínú ìwé Plutarch tí ó wúlò fún mi ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé ńlá wọ̀nyí lọ. Solon, aṣòfin Áténì, ti di arúgbó nígbà tí ó lọ wo Thespis. Lẹ́yìn eré, ó bi í bí ojú kò tì í láti pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ níwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Thespis dáhùn pé kò sí ibi níbẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé eré ni a fi ń ṣe. Solon bínú, ó fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀, ó ní bí a bá ń yin irú eré yìí, kò ní pẹ́ tí a ó fi bá a nínú àdéhùn tí a ń bá ara wa ṣe. Plutarch kọ ọ́ ní ohun tí ó lé ní 600 ọdún lẹ́yìn wọn, kò sì di dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ìtàn náà mọ ibi tí ọ̀ràn wà. Solon kò bi Thespis léèrè pé òrìṣà wo ni ó rán an. Irọ́ ni ó bi í léèrè.

Àwa tí a ń ka Májẹ̀mú Titun ní ìdí láti ronú sí èyí. Orúkọ tí àwọn Gíríkì ń pe òṣèré ni hypokrites, òun náà sì ni àwọn olùtumọ̀ Bíbélì wa sọ di àgàbàgebè. Nígbà tí Olúwa wa bá àwọn tí ń dúró gbàdúrà ní igun ìgboro wí nínú Mátíù orí kẹfà, ọ̀rọ̀ tí ajíhìnrere lò ni ọ̀rọ̀ tí ará Áténì ń lò fún ẹni tí ó gbé ìbòjú wọ̀ lórí ìtàgé. Ẹni tí ó gbé ìbòjú wọ̀ lórí ìtàgé kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, nítorí gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé ìbòjú ni. Ẹni tí ó gbé e wọ̀ ní igun ìgboro fẹ́ kí a pè é ní ojú. Ẹ̀ṣẹ̀ kò sí nínú wíwí pé "èmi" ní orúkọ ẹlòmíràn; inú ohun tí òǹwòran mọ̀ tàbí tí kò mọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ wà.

Ohun tí òǹwòran lè gbà sì ní ààlà. Àwọn ará Pásíà kó ìlú Mílétù ní 494, ìlú tí àwọn ará Áténì kà sí ìbátan wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Phrynichus fi ìṣubú rẹ̀ ṣe eré. Herodotus wí pé gbogbo ilé ìṣeré bú sẹ́kún; ìlú bu owó ìtánràn ẹgbẹ̀rún (1,000) drachma lé e lórí nítorí pé ó rán wọn létí ibi tí ó ṣẹlẹ̀ sí ara wọn, wọ́n sì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣe eré náà mọ́. Àwọn àbá nípa ìbọ àti ibojì kò ní nǹkan kan láti sọ nípa ọjọ́ yẹn.

Ìjọ náà ti jẹ́ ibi tí eré ti rí àyè. Ní nǹkan bí 970, ìlànà àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn tí Bíṣọ́ọ̀bù Ethelwold ti Winchester tò pàṣẹ pé ní òwúrọ̀ Àjíǹde, kí arákùnrin kan wọ aṣọ funfun jókòó níbi ibojì bí áńgẹ́lì, kí mẹ́ta mìíràn sì máa bọ̀ bí ẹni tí ń wá nǹkan kiri, bí àwọn obìnrin tí wọ́n wá Jésù. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan sọ ọ́ di irúgbìn tí gbogbo eré Yúróòpù hù láti inú rẹ̀, títí O. B. Hardison fi fi hàn ní 1965 pé ọdún tí a kọ àwọn ìwé náà kò tò bí àtẹ̀gùn wọn ṣe tò. Ní Èkó, ní 1944, ìjọ kan náà ni ó mú kí Hubert Ogunde gbé eré rẹ̀ lórí Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run jáde. Ilé ni ìsìn pèsè ní ìgbà méjèèjì. Ẹni tí ó yá ọmọ ní ilé kò tíì di ìyá rẹ̀.

Ó kù kí a bọ̀ wá sílé. Alùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, sọ bí Aláàfin Abípa ṣe fẹ́ kó ìjọba kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́ Ilé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́ lọ. Wọ́n rán abuké, àfín, aràrá, arọ àti irú wọn ṣíwájú lọ sí ahoro ìlú náà, kí wọ́n lè máa dẹ́rù ba àwọn ìránṣẹ́ ọba ní òru bí iwin. Ọba rán àwọn ọdẹ, wọ́n sì kó gbogbo iwin náà wá láàyè. Nítorí èyí ni a ṣe ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀.

J. A. Adedeji, nínú iṣẹ́ tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969, fi àwọn iwin wọ̀nyí sí ẹ̀bá ìpilẹ̀ṣẹ̀ eégún alárìnjó. Iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe, nítorí ó kó ìtàn ẹnu àwọn ìdílé òṣèré jọ nígbà tí àwọn àgbà ṣì wà láyé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ náà jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tí ó gbé e gùn, láti ètùtù dé ọdún, láti ọdún dé eré, jọ àtẹ̀gùn àwọn ará Cambridge jù. Bí ètùtù bá ti di eré, níbo ni ètùtù wà? Ó wà níbẹ̀. Eégún ìdílé kò dẹ́kun láti máa jáde nígbà tí alárìnjó bẹ̀rẹ̀. Ìlú kan náà ni àwọn méjèèjì wà, àwọn ènìyàn tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀kan ni wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí èkejì, wọn kò sì ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Àwọn iwin náà ńkọ́? Ní ahoro Ọ̀yọ́ Ilé, irọ́ ni wọ́n ń pa, irọ́ tí Solon ń bẹ̀rù gan-an, nítorí pé bí ìránṣẹ́ ọba bá mọ̀ pé abuké Baṣọ̀run ni, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n Johnson kò parí ìtàn síbẹ̀. Ó ní nígbà tí àwọn ìjòyè péjọ sí ààfin, ọba fi ọtí ránṣẹ́ sí olúkúlùkù wọn láti ọwọ́ iwin tí òun fúnra rẹ̀ rán lọ. Ọba mọ̀, àwọn ìjòyè mọ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ọba mọ̀. Bí a bá ní láti tọ́ka sí ibì kan nínú ìtàn yẹn kí a sì wí pé ibẹ̀ ni eré wà, inú ààfin ni èmi yóò tọ́ka sí, lọ́jọ́ tí a gbé ọtí náà kalẹ̀, kì í ṣe inú ahoro.

Ẹlẹ́rìí tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i wà pẹ̀lú. Hugh Clapperton, ará Skọ́tílándì, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù kejì ọdún 1826, Aláàfin sì mú kí àwọn òṣèré ṣeré fún un. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1829, ọdún méjì lẹ́yìn tí ó kú ní Sókótó. Ó rí àwọn tí ń jó tí wọ́n sì ń tàkìtì nínú àpò. Ó rí òjòlá ńlá kan tí a ṣe lọ́nà tí ó yà á lẹ́nu. Láàárín ìran kan àti èkejì, àwọn obìnrin ọba ń kọrin, agbo sì ń gbè é. Lẹ́yìn náà ni àpò kan ṣí díẹ̀díẹ̀, ẹni funfun kan sì yọ jáde nínú rẹ̀, ó rù, ó dà bí ẹni tí òtútù ń pa. Ó fín áṣáà. Ó fi ọwọ́ ra ọwọ́. Nígbà tí ó sì fẹ́ rìn, ó ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí.

Kì í ṣe òkú ọ̀run kan ni èyí. Ẹni tí a ń sín jẹ jókòó níbẹ̀, ó ń wò. Clapperton kọ ọ́ pé àwọn tí ó yí òun ká ń bẹ òun pé kí òun fi ara balẹ̀ wo ó dáadáa, wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ òun bóyá òṣèré náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní òun ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó tiwọn, àti pé ní tòótọ́ ọkùnrin náà ṣe òyìnbó débi ìyanu.